Heat pump wo ló yẹ ilé yín nílùú Ọba? Ẹ kọ́kọ́ wo ilé, kí ẹ tó wo ẹ̀rọ

Òtútù ìlú Ọba kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ilé wa rárá. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí, bí oòrùn bá ti yọ, òtútù ti sá lọ nìyẹn. Àmọ́ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn èèyàn wa tó wà ní London, Manchester, Leeds àti àwọn ìlú mìíràn fi ń sanwó ohun tí yóò mú ilé wọn móoru. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ nílé, tàbí tí ìyá rẹ̀ àgbàlagbà wá kí i láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ilé tó bá tutù jù ń fa àìsàn, owó tó bá sì pọ̀ jù ń kó èèyàn sí gbèsè.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bọ́ílà tó ń lo gáàsì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀ gbára lé. Ní báyìí, ìjọba ilẹ̀ náà ń rọ àwọn onílé láti yọ bọ́ílà kúrò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní heat pump rọ́pò rẹ̀, nítorí èéfín gáàsì tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Owó ìrànwọ́ tiẹ̀ wà fún un. Bí owó ìrànwọ́ bá sì ti wọ ọ̀rọ̀, àwọn ọlọ́jà kì í jìnnà. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń pín ìwé ìpolówó, oníkálukú sì ń sọ pé tòun ló dára jù. Ohun tí a fẹ́ là yé ẹ̀yin òǹkàwé wa ni pé kò sí heat pump kan tó dára jù fún gbogbo ilé. Ilé ni yóò sọ irú èyí tó yẹ ẹ́. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ kó tó wo ilé dà bí ẹni tó rán ẹ̀wù láìwọn ara.

Kí ni heat pump ń ṣe gan-an?

Orúkọ ẹ̀rọ náà lè ṣàjèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ní fíríìjì nílé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ óò rí i pé ó gbóná. Ooru ibẹ̀ kò ṣàdédé wá. Lára rẹ̀ ni ooru tí ẹ̀rọ náà fà jáde láti ara oúnjẹ àti omi tó wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀rọ amúlétutù tó wà nílé àwọn èèyàn ní Èkó. Inú yàrá tutù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n gbé àpótí rẹ̀ kọ́ sí, mọ̀ pé atẹ́gùn gbígbóná ló ń tú jáde. Ẹ̀rọ náà kò dá òtútù sílẹ̀, ńṣe ló ń kó ooru inú yàrá síta.

Ẹ yí iṣẹ́ yẹn padà, heat pump nìyẹn. Ooru ìta ló ń kó wọlé. Ẹlòmíràn á béèrè pé ooru wo ló wà níta nígbà tí yìnyín bá ń já bọ́? Ooru wà níbẹ̀. Bí omi bá tilẹ̀ ti dì, ooru kò tí ì tán nínú afẹ́fẹ́. Ó kàn kéré lára àwa èèyàn ni. Gáàsì kan wà nínú ẹ̀rọ náà, irú èyí tó wà nínú fíríìjì, tó máa ń hó níbi tó tutù ju yìnyín lọ. Ìdí nìyẹn tó fi lè gba ooru lára afẹ́fẹ́ tútù. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò fún gáàsì náà pọ̀, tí yóò sì gbóná gan-an, gẹ́gẹ́ bí páǹpù tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń gbóná lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Ooru yìí ni ẹ̀rọ náà yóò gbé fún omi tàbí afẹ́fẹ́ inú ilé.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. William Thomson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n wá mọ̀ sí Lord Kelvin, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1852. Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Royal Festival Hall ní London lọ́dún 1951, wọ́n so heat pump kan tó ń fa ooru láti inú odò Thames mọ́ ọn. Ní Norway àti Sweden, tí òtútù wọn ju ti London lọ fíìfíì, ẹ̀rọ yìí ti di ohun tó wọ́pọ̀ nínú ilé. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kò lè ṣiṣẹ́ níbi tó tutù kò sọ òótọ́.

Ìṣirò owó rẹ̀

Bọ́ílà ń sun gáàsì láti rí ooru. Bó bá sun yúníìtì gáàsì kan, ooru tí ilé yóò rí kì í tó yúníìtì kan, nítorí díẹ̀ á bá èéfín lọ. Heat pump kò sun ohunkóhun. Ńṣe ló ń fi iná mànàmáná kó ooru wọlé. Pẹ̀lú yúníìtì iná kan, ó lè kó ooru yúníìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọlé. Ìlọ́po tí ẹ̀rọ náà ń mú wá yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ofgem ni àjọ tó ń fi òté lé owó iná àti gáàsì. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àwọn oníbàárà tí owó wọn ń lọ tààrà láti báǹkì jẹ́ pẹ́ńsì 25.73 fún yúníìtì iná kan, àti pẹ́ńsì 6.33 fún yúníìtì gáàsì kan. Bí bọ́ílà bá rí ooru 90 nínú gbogbo 100 gáàsì tó sun, yúníìtì ooru kan yóò jẹ́ nǹkan bíi pẹ́ńsì 7. Bí heat pump bá mú ìlọ́po mẹ́ta wá, yúníìtì ooru kan yóò jẹ́ nǹkan bíi pẹ́ńsì 8.6, ó ti wọ́n ju gáàsì lọ nìyẹn. Bó bá mú ìlọ́po mẹ́rin wá, yóò jẹ́ nǹkan bíi pẹ́ńsì 6.4, onílé sì ti jèrè. Ní ti hítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ògiri, ìlọ́po kan ṣoṣo ló ń mú wá, pẹ́ńsì 25.73 náà ni ooru rẹ̀ yóò jẹ́.

Ẹ rí i pé ẹ̀rọ kan náà lè mú kí owó ẹnì kan dín kù, kí ti aládùúgbò rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Nínú ìwádìí kan tí ìjọba ilẹ̀ náà gbówó lé, wọ́n so heat pump mọ́ ilé 742. Bí a bá to àwọn tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, èyí tó bọ́ sí àárín mú nǹkan bí ìlọ́po 2.8 wá. Ìwádìí náà fi hàn pé kò sí irú ilé tí a lè sọ pé kò gba heat pump rárá, ìbáà ṣe ilé àtijọ́ tàbí tuntun. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ilé kan àti èkejì. Ara ohun tó ń fa ìyàtọ̀ yìí jù ni bí omi tí ẹ̀rọ náà ń gbé káàkiri ilé bá ṣe gbóná tó.

Bọ́ílà máa ń gbé omi tó gbóná tó 60 tàbí 70 dígíríì lọ sínú rédíétọ̀, ìyẹn àwọn irin pẹrẹsẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí omi gbígbóná ń gba inú wọn kọjá. Heat pump náà lè gbé omi gbígbóná, ṣùgbọ́n bí omi náà bá ṣe gbóná tó ni wàhálà rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó, tí ìlọ́po rẹ̀ yóò sì máa já wálẹ̀. Ẹni tó ń fa omi láti inú kànga mọ̀ ọ́n: bí kànga bá ṣe jìn tó ni apá ṣe máa ro èèyàn tó. Heat pump tó ń gbé omi 35 sí 45 dígíríì ń jẹ iná díẹ̀; èyí tí wọ́n ní kó máa gbé 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń jẹ iná púpọ̀. Ilé tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá ti lè mú móoru ni ẹ̀rọ yìí ti ń mú èrè wá.

Oríṣi mẹ́ta tó wọ́pọ̀

Èkíní ni èyí tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́, tó sì ń gbé e fún omi. Àpótí ńlá kan tó ní fáànù ni, ìta ni wọ́n ń gbé e sí. Omi tó bá mú gbóná ni yóò lọ sínú rédíétọ̀ àti sínú táǹkì omi ìwẹ̀. Òun ló wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ Bìrìtéènì, nítorí kò la wíwa ilẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ àti ti iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń ju 10,000 pọ́n-ùn lọ kí a tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìgbà tí òtútù bá mú jù, tí ẹ nílò ooru jù, ni ìlọ́po rẹ̀ máa ń kéré jù. Ó tún máa ń dún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tuntun kò pariwo bíi ti àtijọ́.

Èkejì ni èyí tó ń fa ooru láti inú ilẹ̀. Bí a bá gbẹ́lẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ dáadáa nílẹ̀ Bìrìtéènì, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 10 dígíríì tẹ̀ẹ̀rùn tòtútù. Wọ́n lè tẹ́ páìpù gígùn sínú kòtò tó jìn tó mítà kan sí méjì lẹ́yìnkùlé tó fẹ̀, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ihò tó lè jìn tó 100 mítà bí ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga dẹ́rọ̀. Nítorí pé ilẹ̀ kò tutù bí afẹ́fẹ́ ní oṣù kìíní, ìlọ́po rẹ̀ sábà máa ń ga ju ti èkíní lọ. Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ wíwà pọ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà lè gba ìlọ́po méjì owó ti èkíní tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ilẹ̀ púpọ̀, tàbí ẹni tó ń kọ́lé tuntun tí ilẹ̀ ti wà ní wíwà tẹ́lẹ̀, ni ó yẹ kó rò ó wò.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ẹ̀rọ amúlétutù tí a mọ̀ gan-an ni, àfi pé ó lè yíjú padà: ní ìgbà òtútù, á kó ooru wọlé, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á kó o síta. Èyí kì í ṣe ohun kékeré mọ́ nílẹ̀ tí ooru ti gun 40.3 dígíríì ní Coningsby, ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022. Owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn méjì ìṣáájú, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá. Àmọ́ kì í gbé omi ìwẹ̀ kaná, ẹ óò wá ọ̀nà mìíràn fún ìyẹn.

Ohun márùn-ún tó yẹ kí ẹ wò lára ilé

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí ooru ń gbà sá jáde. A kì í fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi. Ọ̀pọ̀ ilé ní London jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, tó wàjà lọ́dún 1901. Ògiri wọn kò ní àlàfo láàárín, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Fífi òwú tó nípọn tẹ́ àjà àti dídí ihò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò wọ́n, wọ́n sì ń dín ìwọ̀n ẹ̀rọ tí ẹ óò rà kù. Ẹ má ṣe dí ojú ihò tí wọ́n dìídì ṣe fún afẹ́fẹ́ o, kí ògiri má baà hu funfun.

Ohun kejì ni rédíétọ̀. Ọ̀nà kan wà láti dán ilé wò tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ tí òtútù bá mú gan-an, ẹ dín gbígbóná omi tí bọ́ílà ń gbé lọ sí rédíétọ̀ kù sí 50 tàbí 55 dígíríì, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Bí gbogbo yàrá bá ṣì móoru, ilé yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ múra tán. Bí yàrá kan tàbí méjì bá tutù, rédíétọ̀ tó tóbi jù ni wọ́n nílò níbẹ̀. Ti rédíétọ̀ nìkan ni kí ẹ dín kù. Bí ẹ bá ní táǹkì omi ìwẹ̀, ẹ má dín tirẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ 60, nítorí kòkòrò àrùn lè gbèrú nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ohun kẹta ni àyè fún táǹkì. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń lo bọ́ílà tó ń gbóná omi lójú ẹsẹ̀, tí kò ní táǹkì kankan. Heat pump tó ń lo omi nílò táǹkì tó lè gba lítà 150 sí 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó àpótí ìrìn àjò àti àpò gàrí sí ni yóò gbà á. Ẹ wọn ibẹ̀ kí ẹ tó pe oníṣẹ́.

Ohun kẹrin ni ìta àti aládùúgbò. Ní England, òfin tó ní kí ẹ̀rọ yìí jìnnà tó mítà kan sí ààlà ilé ẹlòmíràn ti kúrò nílẹ̀ láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, ṣùgbọ́n òté tí wọ́n fi lé ariwo rẹ̀ ṣì wà. Ẹ má gbé e sí abẹ́ fèrèsé ibi tí ẹnikẹ́ni ń sùn.

Ohun karùn-ún, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń gbàgbé, ni ẹni tó ni ilé. Ayálégbé kò lè so ẹ̀rọ mọ́ ilé onílé láìgbàṣẹ. Ẹni tó ra fúláàtì náà ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ àti gbogbo ilé. Bí ilé bá jẹ́ ti káńsù, káńsù ni yóò pinnu.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ní fúláàtì kékeré ní Peckham, lókè kẹrin, tí kò ní gáàsì, tó jẹ́ pé hítà iná ló ń lò. Kò ní rédíétọ̀ olómi, kò ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá rí àṣẹ gbà, irú kẹta ló yẹ ẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìlọ́po kan ló ń rí tẹ́lẹ̀, kódà ìlọ́po mẹ́ta yóò dín owó ooru rẹ̀ kù sí ìdá mẹ́ta.

Ẹlòmíràn ní ilé alápapọ̀ oníyàrá mẹ́ta ní Tottenham, bọ́ílà gáàsì rẹ̀ sì ti dàgbà. Irú èkíní ló yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tẹ́ àjà, kó dán rédíétọ̀ wò, kó wá àyè fún táǹkì. Bí kò bá ṣe èyí, owó rẹ̀ lè ju ti gáàsì lọ. Bó bá lè yọ gáàsì kúrò pátápátá, títí kan sítóòfù, yóò bọ́ lọ́wọ́ owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbà fún gáàsì nìkan, tó jẹ́ nǹkan bíi 30 pẹ́ńsì lóòjọ́ láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ìyẹn lé ní 100 pọ́n-ùn lọ́dún.

Ẹni kẹta wà ní abúlé kan ní Kent, epo ló ń fi gbóná ilé, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀. Irú èkejì lè bá a mu bó bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá fẹ́ pẹ́, kó mú èkíní, nítorí owó ilẹ̀ wíwà lè má tí ì padà wọlé kó tó ta ilé náà.

Owó ìrànwọ́ àti oníṣẹ́

Ní England àti Wales, ètò owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Boiler Upgrade Scheme bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n ti gbé owó náà sókè sí 7,500 pọ́n-ùn fún irú èkíní àti irú èkejì. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, irú kẹta kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Scotland ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bákan náà, láti oṣù kẹrin ọdún 2022 títí di òpin oṣù kẹta ọdún 2027, ìjọba yọ owó orí ọjà kúrò lórí iṣẹ́ yìí.

Oníṣẹ́ ló máa ń gba owó ìrànwọ́ náà lórúkọ yín, tí yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ẹ óò san. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ san gbogbo rẹ̀ ná, kí ẹ máa retí owó ìjọba tó bá yá, ẹ yẹra fún un. Oníṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí MCS, ẹ sì lè wo orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ pe oníṣẹ́ mẹ́ta, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ooru mélòó ni ilé mi ń pàdánù, yàrá sí yàrá, nígbà tí òtútù bá mú jù? Omi dígíríì mélòó ni ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa gbé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Rédíétọ̀ wo ni ẹ fẹ́ pààrọ̀? Ìlọ́po mélòó ni ẹ ń retí láàárín ọdún kan, ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀? Ta ni yóò máa tún un ṣe? Ẹni tí kò bá wọn yàrá kankan, tó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà tó dárúkọ ẹ̀rọ, ọjà ló wá tà. Ẹ̀rọ tó kéré jù yóò fi ilé sílẹ̀ nínú òtútù; èyí tó tóbi jù yóò máa tàn, yóò máa kú, yóò sì máa jẹ iná láìnídìí.

Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ má lò ó bíi bọ́ílà. Bọ́ílà ni a ń tàn fún wákàtí méjì tí a ń pa. Heat pump ń fẹ́ kí a jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́. Rédíétọ̀ kò ní jó yín lọ́wọ́, àwọn kan á sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Bí yàrá bá ti móoru tó, tí ìyá àgbà lè jókòó síbẹ̀ láìwọ kóòtù, iṣẹ́ tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á ló ń ṣe yẹn.